Bẹ́líìtì Mẹ́rin, Alùpùpù Méjì

Inú ti ń bí Nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó kúrò nílé rárá, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, láàárín dírẹ́bà àti ọkọ ẹ̀, ó gbé àpò iṣẹ́ ẹ̀ lé itan. Àwọn ọmọ ti ṣáájú lọ sí ìlú tí wọ́n ń kó lọ, àbúrò ẹ̀ ló kó wọn dání. Tírélà kékeré tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, alùpùpù méjì ló sì wà lórí ẹ̀: tiẹ̀ àti ti ọkọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ti Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gùn lọ gbẹ̀bí nílé àwọn aláboyún, nínú ẹrẹ̀ o, nínú òjò o. Ilé ìwòsàn tó gbà á sí ìlú tuntun yìí ti sọ ọ́ kedere: kó mú alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ dání, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì wà nílẹ̀ tó máa gba iṣẹ́ ọ̀hún. Ti ọkọ ẹ̀ wá ńkọ́? Olóyè ló ń pè é. Olóyè ò tíì wúkọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí àbíkẹ́yìn wọn! Kó ṣáà máa dán ni. Ojoojúmọ́ ni ọkọ ẹ̀ ń fi àkísà nù ún, ọkùnrin tí ò níṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́.

Wọ́n gba orí gegele kan kọjá, nǹkan ró gbàgà lẹ́yìn. Dírẹ́bà páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nọ́ọ̀sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Tiẹ̀ ló ṣubú. Ó nà gbalaja, ọwọ́ bíréèkì iwájú ti kán, epo ń jò. Olóyè dúró ṣánṣán. Bẹ́líìtì ìdẹrù mẹ́rin ni Nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ rà, méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lára Olóyè, ọkọ ẹ̀ tiẹ̀ tún fi aṣọ tẹ́ abẹ́ wọn kí ọ̀dà má baà bó. Okùn ìsáṣọ ló fi so ti ìyàwó ẹ̀, ó sì ti já.

"Bàbá wọn," Nọ́ọ̀sì kọjú sí ọkọ ẹ̀, "ta ló di ẹrù yìí?"

"Èmi ni. Má bínú, Nọ́ọ̀sì. Tìẹ lágbára, mo rò pé ó lè fara dà á."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn ló da gbogbo ẹ̀ rú.

"Ó lágbára! Nígbà tí mo bímọ lánàá tí mo ń pọnmi lónìí, ohun tẹ́ ẹ wí nìyẹn. Nígbà tí mo ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ wá dáná, ohun tẹ́ ẹ wí náà nìyẹn. Ta ló ríṣẹ́ tá a fi ń kó lọ? Ṣé Olóyè ni? Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí la máa jẹ? Ṣé ẹ máa se Olóyè lọ́bẹ̀ ni?"

Dírẹ́bà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ẹ̀, ó yáa panu dé.

"Ṣé ojú títì lo ti máa pariwo ni?" ọkọ ẹ̀ bi í.

"Mo máa pariwo! Ìbínú tí mo ti ń gbé mì ti kún mi dọ́nà ọ̀fun. Ẹ fún mi ní bẹ́líìtì mi!"

Ọkùnrin náà gun tírélà. Ó fọwọ́ kan bẹ́líìtì iwájú, ó fi í sílẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó tú ẹyọ kan, ó mi Olóyè wò bóyá ó máa ṣubú. Kò mì. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó na ẹyọ kan ṣoṣo yẹn sí ìyàwó ẹ̀.

"Ó yá, gbà. Èyí á tó ẹ."

Nọ́ọ̀sì wo bẹ́líìtì náà títí. Omi bọ́ lójú ẹ̀, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Dírẹ́bà ló kọjú sí, ohùn ẹ̀ sì ti rọlẹ̀ pátápátá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé tèmi sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n gbé e sọ̀, wọ́n gbé e dúró, epo ò sì jò mọ́. Ó tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ wò, ó mú. Ó gbé àpò kọ́rùn, ó ta alùpùpù náà, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

"Ibo lò ń lọ? Ọ̀nà ṣì jìn!" ọkọ ẹ̀ ké.

"Ibi iṣẹ́ mi."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ fi bẹ́líìtì yẹn kún mẹ́ta tó kù. Ilé tí wọ́n fún mi níbẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ mi la máa gbé inú ẹ̀. Ẹ̀yin àti Olóyè, ẹ lọ wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn."

Ó bọ́ sójú títì.