Ẹni Tí Yóò Gbé Ọmọ Jáde

"Gbé àgbọ̀n ẹ sókè díẹ̀, Mùyídéènì. O dà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú."

"Ojú òṣìṣẹ́ rélùwéè kò lè dán bíi ti tíṣà. Ya fọ́tò ẹ, jàre!"

Silas Béjidé rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ kámẹ́rà tó yá lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé wọn. Ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo ló wà lẹ́yìn Mùyídéènì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí Silas ń lọ lo sáà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀wé pé kí olúkúlùkù mú àwòrán ìlú rẹ̀ dání. Nítorí náà, bó ṣe ń dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ya àwòrán kiri. Wọ́n ti ya odò Ọ̀ṣun láàárọ̀. Ó ku omi tó ń já láti orí òkè ní Ẹ̀rìn, lẹ́yìn Iléṣà.

Mùyídéènì gun alùpùpù rẹ̀. "Oṣù kẹrin ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sún wa sí ọwọ́ ọ̀tún títì, kò tíì mọ́ wa lára. Ìwọ tún ń lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ òsì. Kí mọ́tò má gbá ọ o! Ó dáa, ta lo wá rí tó máa gbé ọmọ jáde?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Silas. Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù mẹ́fà, òkè òkun ni Silas yóò sì wà nígbà tó bá bí. Bàbá Silas ti kú, kò sì ní ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sípò bàbá, kó gbé ọmọ lé pásítọ̀ lọ́wọ́, kó sì pe orúkọ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Làbákẹ́ ti bi í títí: "Bàbá Fúnmi, ta ni yóò gbé e jáde? Àbí àwọn ará ilé wa nìkan ni yóò sọ ọmọ yín lórúkọ?" Ó ti ṣèlérí pé òun yóò rí ẹni náà kí òun tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

"Gbé e fún mi," ni Mùyídéènì wí. "Ràímì ni màá sọ ọ́."

"Pásítọ̀ wa á gba ojú fèrèsé jáde."

"Bó bá jẹ́ obìnrin, Sìlífátù." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mùyídéènì wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ náà mọ ẹni tó yẹ. Àkànó ni."

Silas gun ẹ̀yìn alùpùpù.

Àtìgbà tí wọ́n ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ni òun àti Àkànó ti ń ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n ń sọ Fúnmilọ́lá, àkọ́bí Silas, lórúkọ lọ́dún méje sẹ́yìn, Àkànó ju owó sínú abọ́, ó ní, "Ọmọ́yẹlé ni mo pè é." Gbogbo ilé ṣe àmín. Ó tún wá nígbà tí ọmọ ti ń rìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó pe Ọmọ́yẹlé. Ọmọ kò wẹ̀yìn. Ìyá Làbákẹ́ ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí?" Àkànó sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá ọ̀nà Iléṣà lọ, kò sì wá mọ́. Bàbá Silas kú lọ́dún kejì, Silas kò rí Àkànó níbi ìsìnkú. Òun náà wá bínú, ó sì gbé ìbínú náà sínú.

Ní Ẹ̀rìn, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò, síbẹ̀ omi rin wọ́n dé orúnkún. Silas ya àwòrán títí. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta tó ń yọ̀, ó rántí pé ní kékeré, Àkànó ló di òun lọ́wọ́ mú níbẹ̀, tó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni òun, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí òun ṣubú.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Mùyídéènì dúró ní ìyànà ilé Àkànó ní Iléṣà.

"Ẹ́ńjìnnì ti gbóná," ó ní.

"Òun ló gbé wa gun òkè tí kò gbóná?"

"Ó gbóná báyìí. Sọ̀ kalẹ̀."

Àkànó wà nídìí máṣíìnì, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù. Ó rí Silas, kò dá ẹsẹ̀ tó fi ń wa máṣíìnì dúró. Susannah ìyàwó rẹ̀, tó ń lọ aṣọ, ló fò dìde.

"Bùrọ̀dá Silas! Ẹ káàbọ̀, sà. Ojú yín rèé!"

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́. Àkànó, o kú iṣẹ́ o."

"Hùn."

"Mo ń lọ Ìlú Ọba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo wá dágbére."

"Mo gbọ́. Wọ́n ní o ti dágbére fún gbogbo Òṣogbo, títí kan ẹni tó ń fá orí ẹ."

"Mo sì wá."

"Ẹ̀rìn lo ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ ṣì tutù. Omi lo kọ́kọ́ lọ kí."

Susannah pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu. Silas ti pinnu pé òun yóò fi sùúrù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ ru sókè. "Èmi ṣáà wá. Nígbà tí bàbá mi kú, ìwọ nìkan ni n kò rí."

"Wọ́n wá o," ni Susannah wí. "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la dúró sí. Bí wọ́n ṣe bo sàréè tán la bọ́ sọ́nà."

"Susannah! Ta ló bi ọ́?" Àkànó kọjú sí Silas. "Mo wá fún Bàbá. N kò wá fún ẹ."

Silas jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti ń fi ọ̀rọ̀ ìsìnkú yẹn gbé ara rẹ̀ ró, ó wá kù ú sọ́wọ́ bí òfìfo.

"Àkànó, lórí orúkọ yẹn…"

"Má dá a sílẹ̀." Máṣíìnì dákẹ́.

"Jẹ́ n sọ. Orúkọ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tí ìyá Làbákẹ́ ń pè ló mọ́ ọmọ lára. A kò fi tìrẹ ṣẹ̀sín."

Susannah ló sọ̀rọ̀, kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń lọ. "Orúkọ tí a fi pamọ́ de ọmọ tiwa ni, Bùrọ̀dá. Nígbà tí a dúró tí a kò rí i, ọkọ mi ní ká lọ fi í fún ọmọ Silas, pé tiwa náà ni."

Àkànó ń ṣa òwú kúrò lára yunifọ́ọ̀mù. Kò sí òwú kankan níbẹ̀.

Silas sún mọ́ ọn. "Bí mo bá délé, Ọmọ́yẹlé ni gbogbo wa yóò máa pè é."

"Rárá. Ọmọ ọdún méje ti mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀."

"Làbákẹ́ tún lóyún. N kò ní sí ńlé. Ìwọ ni mo fẹ́ kó o gbé ọmọ náà jáde. Orúkọ tí o bá pè é ni yóò máa jẹ́."

"Ìyá Làbákẹ́ ńkọ́?"

"Màá sọ fún wọn."

"Ìwọ? Ìwọ tó ń gba ẹ̀yìnkùlé bó o bá gbúròó wọn?"

"Màá sọ fún wọn lójúkojú kí n tó lọ."

Àkànó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wọn. "Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀."

"Kò níí tán lónìí."

"Máa bínú lọ. Ṣáà gbé ọmọ jáde."

Àkànó ṣì kẹ̀yìn sí wọn.

"Oṣù wo ni wọ́n dá fún un?"

"Oṣù kọkànlá."

"Ọyẹ́ á ti máa wọlé," ni Àkànó wí. "Susannah, wá aṣọ tó nípọn sílẹ̀. Ọmọ á nílò fìlà."

Susannah ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ odó. Ohùn rẹ̀ ta wọlé: "Uyán ni a ó jẹ o! Kí ẹnikẹ́ni má lọ!"

Mùyídéènì yọjú. "Ilẹ̀ ń ṣú. Ṣé ká máa lọ?"

Silas wo ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Máa lọ. Sọ fún Làbákẹ́ pé ilé Àkànó ni mo sùn."