Àwo Tó Sáré Jù Wá Lọ

Ọjọ́ tí màmá wa kọ́kọ́ gbọ́ àwo orin wa lórí rédíò, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí orin náà fi parí, wọ́n wá bi mí pé ọmọ ta ló ń kọrin yẹn. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní èmi ni. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo rédíò, wọ́n sì mi orí.

"Eléyìí kì í mí," ni wọ́n wí. "Ìwọ a máa mí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dùn mí wọra. Télọ̀ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá fẹ́ yí aṣọ sí apá kejì, ẹsẹ̀ mi á dúró, èmi náà á sì mí, ì báà jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ ni mo wà. Màmá ti bá mi jà lórí èémí yìí títí ó fi sú wọn. Nínú àwo tuntun yìí, wọn ò rí ibi kankan tí wọn ì bá ti bá mi jà, ohùn ọmọdébìnrin kan ló ń sáré lọ tín-ín-rín bí ẹni tí ajá ń lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwa mẹ́ta là ń jẹ́ Ẹsẹ̀ Mẹ́fà. Èmi ni mo ń kọrin, tí mo sì ń ta gìtá. Mẹkáníìkì ni onílù wa, ó sì máa ń lu ìlù bí ẹni ń na irin tó wọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Wáyà nítorí pé wáyà kì í tán lọ́rùn rẹ̀, ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ìgbì tuntun, ìyẹn "new wave" àwọn òyìnbó, ni àwọn oníwèé ìròyìn ń pe irú orin wa. Èmi ò mọ ìgbì kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í lè jókòó.

Nígbà tí à ń gba orin sílẹ̀, kíbọ́ọ̀dù Wáyà wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe, a sì gba ohùn mi, gìtá àti ìlù sílẹ̀ láìsí kíbọ́ọ̀dù náà. Nígbà tó dé, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tún ohùn rẹ̀ ṣe ti kán sínú. Gbogbo ohun tí Wáyà bá tẹ̀ ló ń ga ju orin tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ò gọ̀. Ó yí bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ téèpù, téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ohùn mi sì gòkè títí ó fi bá kíbọ́ọ̀dù mu. Ọ̀nà ọgbọ́n ni. Bó bá ti tẹ tirẹ̀ tán, kí ó yí bọ́tìnnì padà, gbogbo rẹ̀ á jọ wálẹ̀ síbi tó yẹ.

Kò yí i padà. Ọ̀sán ọjọ́ tó parí iṣẹ́, ayọ̀ pa á bí ọtí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kó gbogbo orin sórí téèpù ìkẹyìn, tí a sì gbé e fún ilé iṣẹ́ àwo. Àwa náà gbọ́ ọ kó tó lọ, a ò mọ̀ pé ó ń sáré. A ti ń gbọ́ ọ lórí eré bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, etí wa ti mọ́ ọn.

Àwo náà sì tà. Bó o bá wọ ilé onígbàjámọ̀, orin wa ni. Bó o bá wọ ọkọ̀, òun ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́ lọ, wọ́n ń kọ ọ́ bọ̀: "Ìlẹ̀kùn mi ni, èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́." Bàtà wa nìkan ló wà lára páálí àwo náà, kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí náà gbogbo ìlú ti gbà láàárín ara wọn pé ọmọge tí kò tíì pé ogún ọdún ló ń kọrin. Ẹni ogójì ọdún ni mí.

Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwo pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó kí mi, ó sì na ọrùn wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá akọrin. Nígbà tó yé e, kò bínú. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ń pè wá, òun sì ti rí ọmọge arẹwà kan tí yóò dúró síwájú, tí yóò máa la ẹnu sí téèpù bí ẹni ń kọrin. Kí èmi dúró sẹ́yìn pẹ̀lú gìtá mi. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ó ní ta ló sọ pé kí wọ́n bẹ́ orí ẹnikẹ́ni, ó sì rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo fi àáké kọ́rí. Ó ní ó dáa, bí n kò bá gbà, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí àwo mìíràn.

Lójú ọ̀nà ilé, omi ti lé ròrò sójú Wáyà. Mo sọ fún un pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, kó nu ojú rẹ̀ kó ronú. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ronú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "èmi ni mo yí i sókè. Èmi náà ni n ó yí i wálẹ̀. Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá pé a ti gbà."

Ọjọ́ náà pé, èrò kún gbọ̀ngàn tẹlifíṣọ̀n, Màmá sì wà ní ìjókòó iwájú. Ọmọge náà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun ti gbìyànjú láti kọ orin náà nílé, àmọ́ ibi tó ga yẹn, òun ò lè dé e. Mo ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò dé ibẹ̀ rí. Mo wá sọ fún un pé bó bá gbọ́ tí ohùn náà ń wálẹ̀, kó rọra yà fún mi. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Wáyà ló wà nídìí ẹ̀rọ téèpù, èmi àti onílù wa sì wà lẹ́yìn ọmọge. Orin bẹ̀rẹ̀, ohùn tín-ín-rín ń sáré, ọmọge ń la ẹnu, àwọn èrò ń jó. Nígbà tó yá, àbúrò mi gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lójú gbogbo ayé, díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí ó fi di tèmi. Ọmọge pa ẹnu dé, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bọ́ síwájú.

Ọ̀gá sáré jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó ní kí Wáyà pa ẹ̀rọ, Wáyà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ni ọ̀gá bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà iná yọ lára ògiri. Téèpù dákẹ́, kíbọ́ọ̀dù inú rẹ̀ dákẹ́, gìtá mi náà dákẹ́. Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Ìlù kì í lo iná. Ọ̀fun mi náà kì í lo iná.

Onílù wa kò tilẹ̀ gbé ojú sókè, ó ń na irin rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo la ẹnu, mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìlẹ̀kùn mi ni, èmi ni mo mú kọ́kọ́—" Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo mí. "—rọ́."

Àwọn tó ń jó dúró. Ibẹ̀ ni Màmá ti dìde níwájú, tí wọ́n kọjú sí gbogbo èrò.

"Ọmọ mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ṣé ẹ gbọ́ ibi tó ti mí?"

Wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn èrò bá mi kọ ọ́ dé òpin, wọ́n sì ń mí níbi tí mo ti ń mí. Nígbà tí a parí, ọ̀gá wá bá mi, ó ní ó ti parí láàárín wa. Mo ní mo ti gbọ́, kó bá mi pa ìlẹ̀kùn dé bó bá ń jáde.

Nínú ọkọ̀, Màmá kò sọ̀rọ̀ ọ̀gá, wọn kò sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi mí sáàárín kọ́kọ́rọ́, pé ṣé n kò lè ní sùúrù kí ọ̀rọ̀ parí ni. Títí a fi délé ni wọ́n ń bá mi jà lórí èémí yẹn, èmi náà sì gbé orí lé èjìká wọn, mo ń gbọ́ ọ.