Ọwọ́ Tó Gbé Tíì Wọnú Àwòrán

"Ẹ pa ọwọ́ yẹn rẹ́ kúrò nínú àwòrán mi!" Ohùn Sí Mongi, àgbà òǹkọ̀wé, fẹ́rẹ̀ẹ́ di Emna létí lórí fóònù.

Ó ti sú Emna. Ilé ìtẹ̀wé ń dúró de ìwé tí òun olóòtú ń tò jọ, ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé Tunis ti fọwọ́ ara wọn ya àwòrán ara wọn, àwọn òǹkọ̀wé náà sì ti fojú rẹ̀ rí màbo. Ọ̀kan ya ara rẹ̀ láìní ikùn, ikùn tí gbogbo ìlú mọ̀! Òmíràn gbin irun sí orí pípá. Ti Sí Mongi nìkan ló wù ú: bàbá náà fajú ro, ó di kálàmù mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ obìnrin kan sì yọ létí bébà, ó ń gbé tíì fún un.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ yà á, Bàbá?"

"Ara mi lẹ ní kí n yà, ẹ ò ní kí n ya agbétíì!"

Emna tún àwòrán náà wò.

"Inú dígí lẹ ti wo ara yín?"

"Ibo ni ǹ bá tún ti wò ó?"

"Dígí máa ń sọ ọ̀tún di òsì: gbogbo àwọn tó wo dígí ló di kálàmù lọ́wọ́ òsì nínú bébà. Ọ̀tún ni tiyín. Ẹni tó jókòó kojú yín ló yà yín."

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Zakia ìyàwó mi ló bá mi fa ilà rẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mi, bò mí láṣìírí. Ṣáà pa ọwọ́ yẹn rẹ́."

Inú bí Emna gan-an. "Ẹ gbé fóònù fún Ìyá."

"Kí ló fẹ́ sọ? Ó ń po tíì."

Ṣùgbọ́n ìyá náà ti gba fóònù. "Ọmọ mi, má pa ọwọ́ mi rẹ́. Òǹkọ̀wé ni wọ́n ní kó ya ara rẹ̀. Bí tíì yẹn bá tutù tí ọkọ mi sì sùn lọ, ta lo rò pé ó ń parí àwọn ìtàn rẹ̀?"

"Zakia!" Bàbá kígbe lẹ́yìn rẹ̀.

Emna pa orúkọ Sí Mongi rẹ́ lábẹ́ àwòrán. "Ìyá, kí lorúkọ ilé bàbá yín?"

"Gharsalli," ni ìyá náà dáhùn, ó sì tún un pè, díẹ̀díẹ̀, kí Emna má baà ṣì í kọ.