Ẹ̀bi Afọgíláàsì

Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pe obìnrin kan níbi iṣẹ́ ìwádìí, torí pé kò sí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kó ṣe gíláàsì kan tó lè dá ọtí olóró mọ̀: bí wọ́n bá kán ọtí sí i lórí, àwọ̀ tó bá yí sí ni yóò sọ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ onísùúrù ni. Wọ́n á da ike róbótó-róbótó sínú omi, èyí tó kéré débi pé bí a bá to igba wọn tira, wọn ò tíì fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan. Wọ́n á ki gíláàsì pẹlẹbẹ bọ inú omi náà lóòró, wọ́n á fi í sílẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ike náà ń to ara wọn sára gíláàsì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, èròjà tí wọ́n pò mọ́ omi á sì dì sáàárín wọn. Ó di inú ààrò oníná. Ike á jóná lọ, ihò á kù, ihò tó tò bí afárá oyin, ara gíláàsì á sì máa dán bí ọrùn ẹyẹlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kùn ún lọ́dà.

Àmọ́ tirẹ̀ ń sán. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ó sán wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ lóòrùn. Ó tún un ṣe, bákan náà. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, Bàbá Onígíláàsì, tó ti ń fọ gíláàsì níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, rọra sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú o. Ó dà bíi pé ààrò yẹn ń tètè gbóná jù. Ọ̀gá tó wà níbí kẹ́ ẹ tó dé, odidi ọjọ́ kan ló fi máa ń mú ooru rẹ̀ gòkè."

"Bàbá, ẹ bá mi fọ gíláàsì tiyín kó mọ́, kí n gbájú mọ́ ààrò tèmi."

"Ó dáa, ọ̀gá mi," ni Bàbá wí, ó padà sídìí omi rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá àgbà wá béèrè ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró. Ojú ti Ọ̀gá Kékeré. Kó tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti sọ ọ́ jáde: "Gíláàsì ni kì í mọ́ dáadáa, sà. Ọ̀rá ń kù lára ẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé ṣà. Ọ̀gá àgbà kò bi Bàbá ní nǹkan kan. Wọ́n ní kó lọ sinmi, pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń fọ gíláàsì wá dípò rẹ̀. Bàbá ká épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó mú kọ́ọ̀bù tó fi ń mumi, ó dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kékeré, "Ẹ kú iṣẹ́ o" nìkan ló rí sọ.

Ẹ̀rọ fọ gíláàsì, ó mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ tún sán.

Ẹ̀rù wá ba Ọ̀gá Kékeré. Ó ṣí ìwé tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: ìkánjú ti mú kó máa yára gbé ooru ààrò gòkè ní ìlọ́po mẹ́wàá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dín in kù. Lọ́jọ́ kejì, gíláàsì jáde lódindi, ó ń tàn bí ewé tuntun. Ó jókòó tì í, ó ń sunkún.

Ó lọ sọ fún ọ̀gá àgbà. Ìyẹn ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà kúkú ti dàgbà." Ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko. Àwọn ilé ìwòsàn gba gíláàsì náà, wọ́n ń fi í yẹ ọtí wò, wọ́n ń yìn ín. Ìyìn náà kò dùn mọ́ ọn. Níkẹyìn, ó wá ilé Bàbá lọ.

Ìyàwó Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Wọ́n wà nínú," ó bá tirẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń kan ẹsẹ̀ àga kan tó yẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ààrò ni, bẹ́ ẹ ṣe sọ. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ọ̀gá àgbà?"

"Ẹ̀yin ni mo sọ fún, ẹ ò gbọ́. Ta ló tún máa gbọ́ tẹni tó ń fọ gíláàsì?"

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà síbi iṣẹ́. Bàbá mi orí. "Mo ti foríjì yín, ọmọ mi. Àmọ́ ojú tí gbogbo wọn fi wò mí lọ́jọ́ tí mò ń jáde, mi ò tún lè wọ àárín ẹ̀ mọ́."

Ó wá ní kó fi gíláàsì náà han òun, obìnrin náà sì yọ ọ̀kan nínú báàgì rẹ̀. Bàbá fi ìka méjì mú un létí, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n mú tipẹ́, ó kán omi sí i. Àwọ̀ ewé náà di pupa, àwọ̀ tí omi lásán máa ń mú jáde lára rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ó mà dára o! Ṣé ọwọ́ tèmi ló fọ eléyìí?"

Kò lè purọ́ mọ́. "Rárá, Bàbá. Ẹ̀rọ ló fọ̀ ọ́."

Bàbá dá a padà fún un, ó gbé òòlù rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá Kékeré padà síbi iṣẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun lòun jẹ̀bi, ó fọwọ́ sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń ka ìkéde. Ọ̀gá àgbà já a. Obìnrin náà lẹ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bára wọn fa ọ̀rọ̀ náà kí ọ̀gá àgbà tó fi í sílẹ̀. Ọ̀gá Kékeré wá mú ẹ̀dà kan, ó gba ilé Bàbá lọ.

Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Aládùúgbò kan tó ń sá aṣọ ní, "Wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. Ọ̀nà jìn. Wọn ò sì fi àdírẹ́sì sílẹ̀."

Ó dúró lábẹ́ òrùlé ilé náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, kó tó ká ìwé náà sápò, tó padà sẹ́nu iṣẹ́.