Apá Eulogia Tó Wú

Ikọ́ fée ló pa ọkọ Mama Teodosia lórí òkè San Cosme ní ìlú Lima, Eulogia ìyàwó ọmọ wọn ló sì tọ́jú bàbá náà títí ó fi dákẹ́. Òun ló ń da ike itọ́ rẹ̀ nù, òun ló ń fọ aṣọ tó fi ẹ̀jẹ̀ bà jẹ́, itan rẹ̀ ni bàbá náà gbórí lé nígbà tí èémí ò tó o mí mọ́. Nítorí ikú yìí ni àwọn ará ilé ìwòsàn fi ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo ará ilé. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ kékeré kan sábẹ́ awọ apá kálukú, wọ́n ní àwọn ń pa dà bọ̀ wá wò ó bóyá á wú.

Nọ́ọ̀sì Carranza ló gun òkè wá wò ó. Apá Demetrio, àbíkẹ́yìn Mama, dán bí awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ti Eulogia pọ́n bí ata, ó le bíi pé wọ́n ki òkúta sábẹ́ awọ.

Mama Teodosia ká ọwọ́ lérí. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n ò sọ? Ẹ wá wo ẹni tó gbé ikú ọkọ mi mì!"

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kòkòrò ikọ́ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti dá a mọ̀. Ara wa ní ọmọ ogun tiẹ̀. Tí kòkòrò yẹn bá wọlé, wọ́n á yí i ká, wọ́n á mọ odi yí i po, á há síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun yẹn náà ló tú jáde sí apá rẹ̀ yìí. Kò wúkọ́, kò rù, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Oògùn díẹ̀ ló máa lò." Ó wá yíjú sí Demetrio, tí eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ gbangba. "Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kó wá ya àwòrán àyà. Apá tí ò bá wú, ó lè jẹ́ pé ọ̀tá ò wọlé rí. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ọmọ ogun kankan tó ṣẹ́ kù."

Demetrio bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Nọ́ọ̀sì, ẹ tún apá mi wò dáadáa. Ẹ lọ wá ẹlòmíì dẹ́rù bà." Ẹ̀rín náà di ikọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ sáré lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Pẹ̀lẹ́, baba mi. Eruku òwú ni. Télọ̀ wo ni kì í wúkọ́?"

Kí ọbẹ̀ ẹsẹ̀ adìẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n ti gbé ẹní Eulogia lọ sí orí òrùlé, sáàárín àgò àwọn kúì, ẹran kékeré bí òkété tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ. Wọ́n gba Nélida ọmọ rẹ̀, tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó, lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmú rẹ, májèlé ni," ni Mama wí. "Ìgò ló máa mu."

Eulogia yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Abelino, ṣé o ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

Abelino ń wo bàtà ara rẹ̀. "Jẹ́ kí inú Mama rọ̀ ná."

Inú Mama ò rọ̀. Ìrì Lima ń sẹ̀ lórí òrùlé láàárọ̀ lálẹ́, omi ọmú sì ń rin aṣọ Eulogia látinú. Ó máa ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ké nísàlẹ̀. Á tún gbọ́ tí Demetrio ń kọrin fún un, tí ikọ́ ń gé orin náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbẹ́ Demetrio ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ náà sí, nítorí Mama ní ẹni tí ara rẹ̀ mọ́ ni ọmọ gbọ́dọ̀ sùn tì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ kí wọ́n gún fún ọmọ náà, Mama ní ó tì, abẹ́rẹ́ ti tó nínú ilé yìí.

"Mama, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," ni Eulogia ń ké látòkè, "ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀! Ẹ ò gbọ́ ikọ́ ọkùnrin yẹn ni?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu! Ẹni tó gbé sàréè sáyà ló ń pe ẹlòmíì lókùú."

Eulogia lọ bá nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì wá. Mama ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ó gba ojú fèrèsé da omi àwo sí i lára.

Lọ́jọ́ kan Mama fúnra rẹ̀ gun òrùlé wá, ó na ọwọ́ sínú àgò, ó fa kúì dúdú kan jáde.

"Mama, kí lẹ fẹ́ fi dúdú ṣe?" Eulogia mọ̀ pé aláìsàn ni wọ́n ń fi kúì dúdú ra lára, kó lè fa àìsàn jáde.

"Ẹ̀rù ló ba ọmọ. Ọrùn ẹ̀ ló gan. Ó ń wo ojú kan ṣáá."

Eulogia ti ìyá ọkọ rẹ̀ dànù, ó já wọlé, ó gbé ọmọ, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sáré sọ̀ kalẹ̀ òkè náà lọ sí ilé ìwòsàn. Nélida ti fúyẹ́ bí aṣọ gbígbẹ. Dókítà ní kòkòrò ikọ́ ti gun ọpọlọ rẹ̀. Ó ní ọmọ ogun ara ọmọdé kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ odi, kòkòrò náà kàn rìn kọjá láàárín wọn ni. Ọmọ náà kú sọ́wọ́ Eulogia ní Ọjọ́bọ̀, ọmú rẹ̀ sì ṣì ń sẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Demetrio fẹ́ gbé pósí kékeré náà, ikọ́ gbé e, ẹ̀jẹ̀ sì tú sórí igi funfun náà lójú gbogbo ènìyàn. Ìgbà yẹn ló tó gbà kí wọ́n ya àwòrán àyà òun. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti lu bí ajere.

"Ọmọ ogun ara rẹ̀ ti tán tipẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí fún Mama, kò sì rọ ohùn rẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí apá rẹ̀ fi dán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ tẹ́ ọmọ sí."

Eulogia rò pé omijé ló kàn. Mama Teodosia wá yíjú sí i.

"Ṣé o gbọ́? Ìwọ lọmọ ogun wà lára ẹ. Ikọ́ ò rí ẹ gbé ṣe. Gbé ẹní ẹ wálẹ̀, ìwọ lo máa tọ́jú Demetrio. N ò lè sún mọ́ ọn, èmi àgbàlagbà."

Abelino tún ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, Eulogia. Ìwọ lo lágbára jù."

Eulogia wọ yàrá tí Demetrio wà. Wọ́n ti kó oògùn jọ sí orí àga, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó wọlé tọ̀ ọ́ láti àárọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ́ lẹ́nu mi kí nọ́ọ̀sì tó wá," ni Demetrio wí. "Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Nígbà tí apá mi ò wú, mo ní Ọlọ́run ló dá mi láre. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, Eulogia." Ó lá ètè rẹ̀ tó bó. "Bá mi bu omi."

Eulogia bu omi kún ife. Ó gbé e sórí fèrèsé, níbi tí ojú Demetrio lè rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè dé. Ó jáde kúrò nínú ilé náà.

Abelino tẹ̀ lé e dé ibi ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é látòkè lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì pa dà.

Oògùn ò rí ọmọ ogun tó máa ràn án lọ́wọ́ nínú ara Demetrio. Ó kú láìpẹ́ sígbà náà. Mama Teodosia ń sọ kiri òkè San Cosme pé òùngbẹ ni Eulogia fi pa ọmọ òun, gbogbo ènìyàn sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Eulogia ní Callao létíkun, níbi tó ti ń ha ìpẹ́ ẹja, kò jiyàn. Ó ní irọ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ó da ìpẹ́ nù, ó sì mú ẹja mìíràn.