Ìgò Àgbo Seth

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ọtí sílẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni mo fi ń to bẹ́ǹṣì fún ìpàdé àwọn ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, àmọ́ tí kì í wá. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìrun Aláásàrì, èmi Fàlílù káfíńtà á gbá èérún pákó kúrò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ilo-Awela, màá se tíì, màá jókòó. Tá a bá pọ̀ gan-an, a pé mẹ́fà. Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, Seth nìkan ló dé, òun náà sì pẹ́ ní wákàtí kan gbáko.

Seth ń gbé irin ní kọ́ńpìnì kan lọ́nà Ìgbẹsà. Ó pé oṣù méjì tó wọ ẹgbẹ́ wa, èmi ni wọ́n sì fà á lé lọ́wọ́: tí ọtí bá ti ń wù ú, èmi ló gbọ́dọ̀ pè. Bó ṣe wọlé, òórùn kí mi kí òun fúnra rẹ̀ tó kí mi.

"Seth, o ti mutí."

"Ha, ẹ̀gbọ́n! God forbid! Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Àgbo ni mo rà ní Ìyánà Ìyẹ̀sí." Ó fa ìgò kan yọ nínú báàgì. "Ẹ wò ó, egbò ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń mu ún. Mi ò fọwọ́ kan bíà rárá, even once."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá a ti ń pàtẹ́wọ́ fún un pé kò mutí! Ta ni kò mọ̀ pé ògógóró ni àwọn alágbo fi ń rẹ egbò wọn? Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn: ẹni tó mu bíà ni ọ̀mùtí, ẹni tó mu àgbo ń tọ́jú ara. Èmi náà ṣe é rí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú jẹ̀díjẹ̀dí tí kò ṣe mí, kí ìyá mi má bàa mọ̀.

"Jáde," mo ní. "Gbogbo yín ti sú mi."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ọtí wà nínú ẹ̀, I swear."

"Ọ̀mùtí tí kò mọ òórùn ọtí? Lọ purọ́ fún ẹlòmíì!"

Ó gbé ìgò náà kalẹ̀, ó jáde.

Mo mú un kí n lè lọ dà á nù. Mo ṣí i. Kí ló tì mí débi tí mo fi gbóòórùn ẹ̀? Bóyá mo kàn fẹ́ mọ̀ dájú pé èmi ni mo jàre. Mo sì jàre lóòótọ́, àmọ́ mi ò lè gbé e kúrò nímú mọ́. Itọ́ kún ẹnu mi. Ẹ̀yìn èmi náà ń dùn mí, látàárọ̀ ni mo ti ń fá pákó, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé àgbo ni, àgbo ni, àgbo kì í ṣe ọtí. Ọdún mọ́kànlá! Ẹ̀rù tó bà mí, kò bà mí bẹ́ẹ̀ rí láyé.

"Seth!" Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì. "Seth, jọ̀ọ́, padà wá!"

Ó rọra wọlé, ó rò pé mo tún fẹ́ bú òun ni. Ó rí ìgò lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó tú ìka mi kúrò lára ìgò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lọ dà á sí gọ́tà, ó wá jókòó tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́."

Inú ṣì ń bí mi sí i, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo di apá aṣọ rẹ̀ mú, mi ò sì jẹ́ kó dìde títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì.