Lẹ́tà Tí Kò Ní Ihò

Orí tábìlì tí aránṣọ fi ń gé aṣọ ni pátákó dráfù wà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sójú ogun ló ti ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gé, tó ń fi orúnkún rìn yí i ká pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

"Ìyàwó, ẹ̀yìn rẹ á kán," ni ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń wí láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Tábìlì ń bẹ, o ń rákò bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù."

"Màmá, eré wa ṣì wà lórí ẹ̀."

"Eré tí ẹnì kan ń dá ṣe, ṣé eré nìyẹn?"

"Mi ò dá a ṣe. Òun náà ń ta tiẹ̀ níbi tó wà."

Màmá á yí àga rẹ̀ padà kọjú síta. Òun náà ló bí ẹni tó lọ.

Bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń ta á, dúdú fún ọkọ, funfun fún ìyàwó. Bíríkìlà ni ọkọ. Bó ṣe máa ń wo ògiri kó tó to búlọ́ọ̀kù kan lé e, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń wo pátákó kó tó gbé bọ́tìnnì kan, ìdí nìyí tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Má-kánjú. Ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kó lọ, wọn ò parí èyí tí wọ́n ń ta lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tú u nínú àwọn méjèèjì. Ọkọ ya bí gbogbo bọ́tìnnì ṣe tò sórí ìwé, ó ká a sápò àyà. Ó ní tí òun bá débẹ̀, òun á fa ilà sórí ìdérí àpótí, òun á ṣa òkúta wẹ́wẹ́, eré á sì máa lọ. Wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan lójú pátákó ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà, nọ́ńbà méjì ni yóò fi parí rẹ̀: ibi tí bọ́tìnnì ti kúrò àti ibi tó lọ. Ẹnì kejì á bá a gbé e, á ta tiẹ̀, á sì kọ èsì.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì náà dé. Èyí tó tẹ̀lé e ló dé pẹ̀lú ihò. Wọ́n ti fi abẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní onígun mẹ́rin, ó sì mọ́ tónítóní bí iṣẹ́ ẹni tó mọ aṣọ gé.

Alálẹ́tà tó mú un wá kò tíì lọ. Kì í tètè gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ẹni tó fún ní lẹ́tà kò bá tíì tú u níwájú rẹ̀.

"Eku ológun ti débẹ̀, Àǹtí Télọ̀," ló wí.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà wa ṣe?"

"Àwọn tó ń yẹ lẹ́tà wò ò fẹ́ràn nọ́ńbà. Wọ́n á ní bóyá iye ọmọ ogun ni, tàbí bí ibùdó wọn ṣe jìnnà tó."

"Bọ́tìnnì ni."

"Ẹ lọ sọ fún wọn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi kí wọn."

Aránṣọ gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ rọ́pò nọ́ńbà. Ó pe bọ́tìnnì ní ọmọ, ó kọ ọ́ pé ọmọ tó fara ti etí ọ̀tún ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ìyẹn tún wá burú jù. Èsì rẹ̀ dé pẹ̀lú ihò tí ìkúùkù lè gbà kọjá, wọ́n sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ tí kò bá yé aláyẹ̀wò kò ní kọjá. Ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́tà ìyàwó òun náà ń dé ọ̀dọ̀ òun pẹ̀lú fèrèsé.

"Má jẹ́ kí wọ́n dá ọ lágara," ló wí. "Mo mọ bí o ṣe ń ta, o mọ bí mo ṣe ń ta. Máa ta tèmi fún mi, n ó máa ta tìrẹ fún ọ. Ṣùgbọ́n n kò ní yéé kọ nọ́ńbà. Tí o bá ti rí ihò, kí o mọ̀ pé mo ti ta."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Tí lẹ́tà bá dé, aránṣọ á kà á sókè fún Màmá: òjò, bàtà tó ń mumi, oúnjẹ inú agolo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kó lọ máa sùn níwájú, kí ọ̀tá lè rò pé ọkọ̀ ogun ló ń bọ̀. Màmá á ní kó tún ibẹ̀ yẹn kà. Lẹ́yìn náà, aránṣọ á yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì, á jókòó sáyè ọkọ rẹ̀. Á gbé ìgúnpá lé tábìlì bíi tiẹ̀, á sì jẹ́ kó pẹ́. Bí Má-kánjú ṣe máa ta á ló ń ta á: kì í tú ọmọ ẹ̀yìn sílẹ̀, kì í sáré sí awúfù. Tó bá ti gbé bọ́tìnnì dúdú náà tán, á na lẹ́tà sókè lójú fèrèsé, á gba inú ihò rẹ̀ wo ìta. Ilé tó kọjú sí tiwọn ló máa ń rí, àti aṣọ tí wọ́n sá, àti ajá tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti wà níbi ihò yẹn rí.

Díẹ̀díẹ̀, bọ́tìnnì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Kì í ṣe pé ó ń ṣojúsàájú fún un. Nígbà tó bá wà ní ìjókòó yẹn, ó máa ń ronú ju bó ṣe ń ronú ní tiẹ̀ lọ ni.

Òjò dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni alálẹ́tà mú lẹ́tà kan wá, tí aránṣọ tú, tó wo iwájú rẹ̀, tó yí i padà wo ẹ̀yìn. Odidi ni.

"Eku gbààwẹ̀ lónìí," ni alálẹ́tà wí. "Ẹ kú oríire."

"Ẹ ṣé."

"Ẹ ò dẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Inú ni mo ti ń rín in."

Lẹ́tà tó dára ni. Ó béèrè Màmá, ó béèrè ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní bàtà òun ti gbẹ. Kò sí nọ́ńbà kankan nísàlẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e dé lódidi, òmíràn náà dé bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ṣì ń kọ nọ́ńbà tó ta kẹ́yìn ránṣẹ́, àmọ́ kò jókòó sáyè ọkọ rẹ̀ mọ́, nítorí kò sí ohun tí yóò bá a ta. Àwọn ìyàwó ológun tó wà ládùúgbò máa ń fi lẹ́tà àjákù wọn han ara wọn, wọ́n sì ń bá a yọ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé èyí tó pé yìí ló ń ba òun lẹ́rù? Bóyá eré ti sú ọkọ rẹ̀. Bí eré bá sú u, kí ló kù nílé yìí tí kò ní sú u? Tàbí kẹ̀, bóyá nǹkan kan ti bà jẹ́ nínú rẹ̀ níbẹ̀, tí kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Ó rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ibi ọrùn. Oníbàárà náà gbé e sókè. "Àǹtí Télọ̀, ṣé orí ni kí n gbà níbí ni àbí ọwọ́?" Aránṣọ bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Nígbà tí oníbàárà lọ tán, Màmá pè é. "Kí ni ọmọ mi kọ tí o ò kà fún mi?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo kà, Màmá."

"Lẹ́tà ayọ̀ lo wá ń wò bíi lẹ́tà òkú?"

"Kò ta mọ́."

Màmá wo tábìlì, ó wo ìyàwó. "Bi í. Bàbá rẹ̀ náà máa ń dákẹ́. Mo ní ó ń sinmi ni, mi ò bi í. Ó dákẹ́ títí a fi sin ín, mi ò mọ ohun tó ń dákẹ́ lé lórí dòní."

Aránṣọ kọ lẹ́tà kúkúrú. "Má-kánjú, kí ló dé tí o ò ta mọ́? Tó bá ti sú ọ, sọ fún mi kí n kó bọ́tìnnì mi kúrò nílẹ̀. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, sọ ohun tó jẹ́, bó ti wù kó rí."

Èsì pẹ́ kó tó dé. Odidi lòun náà.

"Ìyàwó mi, kí ni mo fẹ́ ta? O ti borí mi, ó ti pẹ́. Ọjọ́ tí òjò wó ihò tí à ń sùn sí ni. Mo ta tìrẹ fún ọ, o fi ọmọ kan tàn mí, mo jẹ ẹ́. O wá fò, o fi ìfò kan ṣoṣo jẹ gbogbo èyí tó kù mí kù. Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀rẹ́ mi tó ń hanrun fi jí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí kí o fi mí ṣẹlẹ́yà. Mo rí i pé ihò ṣì wà nínú lẹ́tà rẹ, mo sì rò pé ìfọ́nnu rẹ ni wọ́n ń gé."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ní o borí òun. Kó o fi í ṣẹ̀sín dáadáa o."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Àyà rẹ̀ balẹ̀. Eré kò sú u, nǹkan kan kò sì bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo pátákó, níbi tí bọ́tìnnì dúdú ti ká tirẹ̀ mọ́ igun.

Kò fi ọmọ tan ẹnikẹ́ni rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ẹyọ bọ́tìnnì kan, ohun tó fi máa ń pàdánù nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó hawọ́. Obìnrin tó fi ọ̀kan sílẹ̀ láti jẹ gbogbo ìyókù, òun kọ́. Obìnrin yẹn ni ọkọ rẹ̀ bá jókòó nínú òjò, tó bá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí òun náà sì ti ń jókòó sáyè rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tó ń borí, ta ni? Ẹni mẹ́rin ló ti ń ta eré yìí, àwọn méjì gidi àti àwọn méjì tí wọ́n fọkàn yà; láti ìgbà tí ọkọ ti lọ, àwọn méjì tó fẹ́ra wọn ò tíì pàdé nídìí rẹ̀.

Ó rò ó pé kí òun fọ́nnu. Ó mọ̀ pé yóò dùn mọ́ ọn. Ó kọ ìlà kan, ó sì fa ìwé náà ya.

"Mi ò borí rẹ," ló wá kọ. "Níbí, ìwọ lò ń borí mi, ó sì ń bí mi nínú. Obìnrin tó fò yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, má bá a ta mọ́. Má sì ta tèmi fún mi mọ́. Èmi náà ò ní ta tìrẹ. Tí o bá dé, jókòó kí o pẹ́ bí o ṣe máa ń pẹ́, kí n máa kùn sí ọ. Tí o bá ti yàtọ̀ sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́, jẹ́ kí ojú mi rí i fúnra rẹ̀."

Ó kà á fún Màmá. Màmá ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣé kò le jù?"

"Ó lè le jù, Màmá."

Kò dúró de alálẹ́tà. Ó wọ bàtà, ó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó tò sẹ́yìn àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n mú ìwé lọ́wọ́, ó sì sọ tirẹ̀ sínú àpótí. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀, ó mọ̀ pé yóò dé lódidi. Ohun tí kò mọ̀ ni irú ẹni tí yóò tú u kà.